Igbó Fágúnwà àti Omi Kirikiri: Iṣẹ́ tí Ilẹ̀ ń Ṣe nínú Ìtàn Àròsọ

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò: iṣẹ́ wo ni ilẹ̀ tí ó bí òǹkọ̀wé ń ṣe nínú ìtàn àròsọ rẹ̀? Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí a wo ilé òǹkọ̀wé náà kí a tó dájọ́ ìtàn rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni àwọn òǹkọ̀wé ń gbà lo ilẹ̀. Nínú ìwé àwọn kan, ilẹ̀ dàbí aṣọ tí a ta sẹ́yìn àwọn òṣèré: bí a bá ká a kúrò tí a sì ta òmíràn, eré náà yóò máa lọ bí ó ti ń lọ. Nínú ìwé àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀ ni òpó ilé. Bí a bá yọ ọ́, ilé wó. Irú kejì yìí ni ọ̀rọ̀ wa òní dá lé.

Ní Òkè-Igbó ni a bí D. O. Fágúnwà ní ọdún 1903. Dérìn Ológbénlá, jagunjagun ọmọ Ifẹ̀, ni ó tẹ ìlú náà dó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní àárín igbó tí ó wà láàrin Ifẹ̀ àti Oǹdó. Igbó ni àwọn ará ibẹ̀ ń ṣán kí wọ́n tó rí ilẹ̀ gbin nǹkan. Igbó náà ni ọdẹ ń lọ kí ẹran tó dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu, nígbà náà, pé nínú ìtàn àròsọ márùn-ún tí Fágúnwà kọ, mẹ́ta ni ó ní igbó nínú orúkọ wọn: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), Igbó Olódùmarè (1949), àti Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje (1954).

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí igbó ń ṣe nínú èyí àkọ́kọ́. Èkíní, ó fún ìtàn ní akọni. Oníṣòwò kò ní ohun tí yóò mú un wọ Igbó Irúnmalẹ̀, ṣùgbọ́n Àkàràògùn jẹ́ ọdẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó gbé e débẹ̀. Èkejì, igbó ni ó hun ìtàn pọ̀. Ọ̀nà inú igbó kì í fẹ̀. Ẹni tí ó bá pàdé Agbáko lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò rí ibi yà sí, àfi kí wọ́n wọ̀yá ìjà. Ìdí nìyí tí ìpàdé kan fi ń tẹ̀lé òmíràn bí ìlẹ̀kẹ̀ inú okùn. Ẹ̀kẹta, igbó pa ààlà. Àkàràògùn ní láti kọjá ààlà náà lọ, kí ó sì padà wá sílé láàyè, kí ó tó di ẹni tí ó ní ìtàn tí akọ̀wé lè bá a kọ sílẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé igbó àròsọ ni, pé kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ kankan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí iwin tilẹ̀ jẹ́ àròsọ, ìbẹ̀rù ẹni tí ilẹ̀ ṣú mọ́ lábẹ́ igi ńlá kì í ṣe àròsọ.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni a ti rí èyí. Ní ilẹ̀ Japan, ní ọdún 1935, a bí Kenzaburo Oe ní abúlé kan láàrin igbó ní erékùṣù Shikoku. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1994, ó sì kú ní 2023. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1967, tí a túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní The Silent Cry, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan kúrò ní Tokyo, wọ́n padà sí abúlé wọn nínú àfonífojì tí igbó yí ká, níbi tí ìrántí ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ní 1860 kò tíì kú. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ náà. Ọdẹ Fágúnwà ń ti ilé lọ sínú igbó. Àwọn ẹ̀dá ìtàn Oe ń ti ìlú ńlá padà sínú igbó, nítorí igbó ni ilé wọn. Igbó fúnra rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Ibi tí òǹkọ̀wé dúró sí wò ó ni ó ń fún un ní ìtumọ̀.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ wá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Kirikiri ni. Láti 1955 tí ọgbà ẹ̀wọ̀n ti wà níhìn-ín, bí a bá dárúkọ àdúgbò yìí níbikíbi ní Nàìjíríà, ẹ̀wọ̀n ni olùgbọ́ ń rò. Orúkọ ibi tí ẹlòmíràn ti kàwé, tí ó ti gbéyàwó, tí ó ti tọ́mọ, di ohun tí a fi ń halẹ̀ mọ́ olè. Àdánù ńlá ni mo ka èyí sí. Òkè-Igbó náà ìbá jẹ́ igbó lásán lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn bí ọmọ rẹ̀ kan kò bá kọ ọ́.

Kò sí igbó níhìn-ín, ṣùgbọ́n omi wà, èbúté Àpápá wà, àwọn ọkọ̀ agbépo wà. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ kọ̀wé, ìbéèrè mẹ́ta ni mo fi sílẹ̀ fún yín. Iṣẹ́ ta ni ó ń gbé e lọ sójú omi ní òru? Ọ̀nà wo ni ènìyàn kò rí ibi yà sí nígbà tí ọkọ̀ agbépo bá dí i? Ta ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, kí ni ó sì gbé lọ́wọ́ fún ẹni tí ó wà nínú? Ẹni tí ó bá lè dáhùn wọn ti ní akọni, ó ti ní àhunpọ̀ ìtàn, ó sì ti ní ààlà. Ó ku kí ó jókòó kọ ọ́.