Èló ni Ìṣẹ́jú Kan? Ìṣirò Ìnáwó ní Ilé Ìwòsàn MD Anderson, Houston

Alákàrà kan ní ọjà Bódìjà, ní Ìbàdàn, lè máa din àkàrà àti dùndún lórí iná kan náà. Ó mọ iye tí ó ra ẹ̀wà, ó sì mọ iye tí ó ra iṣu. Èédú ni kò rọrùn láti pín. Bí ó bá fi owó ọjà pín in, tí àkàrà sì ń mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó tí ń wọlé wá, àkàrà ni yóò ru ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó èédú. Ṣùgbọ́n dùndún a máa pẹ́ nínú epo. Bí ó bá jẹ́ pé dùndún ni ó gba ìdajì àsìkò tí iná fi ń jó, ìdajì owó èédú ni ó yẹ kí ó rù. Ìṣirò àkọ́kọ́ yóò jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé dùndún ń mú èrè wá, nígbà tí ó jẹ́ pé èrè àkàrà ni ó ń jẹ.

Ìṣòro kan náà ni àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà ní. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti gbìyànjú láti yanjú rẹ̀ ni MD Anderson, ilé ìwòsàn àrùn jẹjẹrẹ tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Texas dá sílẹ̀ ní 1941, tí wọ́n sì fi orúkọ Monroe Dunaway Anderson, oníṣòwò òwú tí ó kú ní 1939, sọ. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ tí kò bá mọ ibi tí owó rẹ̀ ń gbà lọ yóò gé ohun tí kò yẹ kí ó gé.

Iye títà àti iye ìnáwó

Nínú èdè Yorùbá, “iye owó” lè jẹ́ owó tí oníbàárà san, ó sì lè jẹ́ owó tí ọjà náà ná ẹni tí ó ṣe é. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nínú ìṣirò, ó pọn dandan kí a ya “iye títà” sọ́tọ̀ kúrò lára “iye ìnáwó.”

Ìṣirò owó pàápàá pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní wà fún àwọn ará ìta: ìjọba tí ń gba owó orí, báńkì, àti àwọn tí ó fi owó dókòwò. Òfin ni ó ń sọ bí wọn yóò ṣe kọ ọ́. Èkejì wà fún àwọn alábòójútó nínú ilé, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn yóò ṣe lọ́la. Ìṣirò ìnáwó ni òpó tí ọ̀nà kejì yìí dúró lé lórí.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín ìnáwó

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ kò ṣòro. Wọn a ṣírò gbogbo owó tí ẹ̀ka kan ná lọ́dún, wọn a sì fi wé gbogbo owó tí ẹ̀ka náà kọ sínú ìwé owó àwọn aláìsàn. Bí ẹ̀ka náà bá ná 40 sẹ́ǹtì lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ó kọ, wọn a gbà pé iṣẹ́ tí wọ́n kọ 1,000 dọ́là fún ná wọn ní 400. Àṣìṣe alákàrà tí ó fi iye títà pín owó èédú nìyẹn gan-an. Iye tí a kọ sínú ìwé owó kò sọ bí iṣẹ́ náà ti pẹ́ tó, kò sì sọ ẹni tí ó ṣe é.

Ní 1987, H. Thomas Johnson àti Robert Kaplan kọ ìwé kan tí ó fi ẹ̀sùn kan ìṣirò owó àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, pé kò ran alábòójútó lọ́wọ́ mọ́. Láìpẹ́, Kaplan àti Robin Cooper dá a lábàá pé kí a tọpa iṣẹ́ tí ọjà kọ̀ọ̀kan gbà, kí a sì fi ìyẹn pín ìnáwó. Àbá náà dára, ṣùgbọ́n ó gba wàhálà: a ní láti máa bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè lóòrèkóòrè bí wọ́n ṣe pín àkókò wọn. Ní 2004, Kaplan àti Steven Anderson, tí orúkọ rẹ̀ kàn bá ti ilé ìwòsàn náà dọ́gba, mú ọ̀nà tí ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ wá.

Ìbéèrè méjì péré

Ọ̀nà tuntun yìí béèrè nǹkan méjì: èló ni ìṣẹ́jú kan òṣìṣẹ́ yìí, àti ìṣẹ́jú mélòó ni iṣẹ́ náà gbà?

Ká fi àpẹẹrẹ lásán ṣàlàyé rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń ná ilé ìwòsàn ní 9,000 dọ́là lóṣù, bí a bá ro owó oṣù rẹ̀, yàrá tí ó ń lò, kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti owó alábòójútó rẹ̀ pọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ogún ọjọ́, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, èyí tí ó jẹ́ 9,600 ìṣẹ́jú. Bí a bá yọ àkókò ìsinmi, ìpàdé àti ẹ̀kọ́ kúrò, ó ku 7,500. Ìṣẹ́jú kan rẹ̀ jẹ́ 1.20 dọ́là. Bí dókítà bá ń ná wọn ní 45,000 dọ́là fún iye ìṣẹ́jú kan náà, ìṣẹ́jú kan tirẹ̀ jẹ́ 6 dọ́là. Bí dókítà bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá béèrè ìtàn àìsàn tí nọ́ọ̀sì lè béèrè, 60 dọ́là ni ó ti ná dípò 12.

Ìṣirò náà tún ń fi ohun tí ó farapamọ́ hàn. Bí iṣẹ́ bá gba 6,000 ìṣẹ́jú péré nínú 7,500 ti nọ́ọ̀sì náà, owó 1,500 ìṣẹ́jú tó kù, èyí tí í ṣe 1,800 dọ́là, kò gbọdọ̀ wọ inú ìnáwó aláìsàn kankan. Owó ààyè tí ó ṣófo ni. Alábòójútó ni yóò wá ohun tí yóò fi kún un.

Ohun tí wọ́n rí ní Houston

Ní oṣù kẹsàn-án 2011, Kaplan àti Michael Porter, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, tẹ àbájáde ìdánwò tí MD Anderson kópa nínú rẹ̀ jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ ya àwòrán ìrìn aláìsàn láti ẹnu ọ̀nà títí di ìgbà tí ó jáde: ta ni ó kọ́kọ́ bá pàdé, kí ni ẹni náà ṣe, ìṣẹ́jú mélòó ni ó gbà. Ní ibi tí wọ́n ti ń yẹ aláìsàn wò ṣáájú kí wọ́n tó kùn ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ, wọ́n tún ètò iṣẹ́ ṣe. Àkókò tí iṣẹ́ náà ń gbà dín kù ní ìdá 16 nínú 100, ìnáwó lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan sì dín kù ní ìdá 36.

Àṣìṣe kan tún wà tí ó wọ́pọ̀. Nígbà tí owó bá ń há, àwọn tí owó oṣù wọn kéré ni alábòójútó sábà máa ń kọ́kọ́ dá dúró: akọ̀wé àti olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ wọn kò parẹ́. Ó kàn bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ìṣẹ́jú rẹ̀ wọ́n jù ni. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn Houston, ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ nìyí.

Ìmọ̀ yìí tún kan bí wọ́n ṣe ń gba owó. Ní oṣù kejìlá 2014, MD Anderson àti ilé iṣẹ́ adójútòfò UnitedHealthcare kéde ìdánwò ọdún mẹ́ta fún àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ orí àti ọrùn. Dípò kí wọ́n máa san owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n fẹnu kò sórí owó kan ṣoṣo fún ìtọ́jú náà lápapọ̀. Ilé ìwòsàn tí kò bá mọ iye ìnáwó rẹ̀, tí ó sì tọwọ́ bọ irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀, tẹ́tẹ́ ni ó ń ta.

Ààlà ìṣirò náà

Ìṣẹ́jú tí a dín kù kì í di owó lójú ẹsẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, tí kò sì sí aláìsàn mìíràn, owó oṣù rẹ̀ kò yí padà. Bákan náà, aago kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìṣẹ́jú tí a fi ṣòfò àti èyí tí nọ́ọ̀sì fi dúró ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní jẹjẹrẹ. Bí wọ́n bá ń ya àwòrán ìrìn aláìsàn, ó yẹ kí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú olùṣírò owó, nítorí àwọn ni ó mọ èyí tí a lè gé àti èyí tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.