Ìwé nìkan kọ́ ló kọ́ Àdùnní Olórìṣà, igi àti odò náà kọ́ ọ!

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ká sọ ti obìnrin òyìnbó kan tó kàwé gan-an nílùú wọn, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ilẹ̀ Yorùbá ló dé kó tó rí ẹni kọ́ ọ ní ohun tí ọkàn rẹ̀ ń wá. Olùkọ́ tó rí kò ní pátákó, kò ní ṣọ́ọ̀kì, kò sì gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Igi ni. Odò ni. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni. Abọrẹ̀ kan tí kò gbọ́ òyìnbó ló sì fà á lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àwọn ará Òṣogbo ti mọ ẹni tí mò ń sọ. Àdùnní Olórìṣà ni wọ́n ń pè é, àmọ́ Susanne Wenger lorúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ nílùú Graz, lórílẹ̀-èdè Austria, níbi tí wọ́n bí i sí lọ́dún 1915. Iṣẹ́ ọnà ló kọ́, ó kọ́ ọ dé Vienna tó jẹ́ olú-ìlú wọn. Ogun Hitler ṣojú rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, lọ́dún 1950, òun àti ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, wá sí Ìbàdàn, torí pé ọkọ rẹ̀ ríṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ayé ìgbà náà lè jẹ́rìí sí i pé àdúgbò tiwọn lọ́tọ̀ làwọn òyìnbó ń gbé, wọn kì í bá wa da nǹkan pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbé ayé yẹn kò bá obìnrin yìí lára mu rárá. Kò sì pẹ́ tó dé ni ikọ́ fée gbé e dè. Ẹ má fi ikọ́ fée ìgbà yẹn wé ti òde òní tí oògùn rẹ̀ wà káàkiri o. Ẹni tó bá mú nígbà náà, àwọn ará ilé á ti máa wo ojú ara wọn.

Nígbà tí ara rẹ̀ mókun, Ẹdẹ lọ̀rọ̀ gbé e dé. Ibẹ̀ ló ti pàdé Àjàgẹmọ, abọrẹ̀ Ọbàtálá. Ẹ wá wo ìṣòro tó wà níbẹ̀: obìnrin yìí kò gbọ́ Yorùbá, Àjàgẹmọ kò gbọ́ òyìnbó. Báwo ni irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ ṣe fẹ́ bára wọn sọ̀rọ̀? Ohun tí Àdùnní fẹnu ara rẹ̀ sọ nígbà tó yá ni pé èdè igi ni èdè kan ṣoṣo tó wà láàrin àwọn.

Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ilé-ìwé girama ni mo kà mọ, torí náà mo bi ara mi pé kí ló ń jẹ́ èdè igi. Ṣé igi ń sọ̀rọ̀ ni? Àmọ́ tí ẹ bá rò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ náà ò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo igi àràbà. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí ètè gbogbo wa ń là, àràbà á wọ́wé dànù, á dúró ní ìhòòhò. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti kú, á ní kí wọ́n gé e dáná. Kò kú o! Ojú ewé ni omi ń gbà jáde lára igi. Nígbà tí omi ò bá sí nílẹ̀ mọ́, igi tó bá taku pé òun á ṣì máa gbé gbogbo ewé kiri, gbígbẹ ló máa gbẹ. Ìdí nìyẹn tí àràbà fi sọ ẹrù kalẹ̀, tó dákẹ́, tó ń dúró de òjò. Ìyá aláṣọ tó bá mọ ọjà mọ ẹ̀kọ́ yìí. Tí oṣù kìíní bá dé lẹ́yìn ọdún Kérésì, tí owó gbogbo ayé ti wọ ilé-ìwé ọmọ, kò ní lọ yáwó láti kó ọjà kún ṣọ́ọ̀bù. Á sọwọ́ ró díẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹ̀yin àti àràbà, ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan náà lẹ ti kàwé!

Ẹ tún wo pẹ́rẹ́gún. Gé e, fi igi rẹ̀ gúnlẹ̀ lásán, ó ń hù. Ẹ̀ẹ̀rùn ò rí i gbé ṣe, tútù ló máa ń wà. Àwọn bàbá wa ò ṣèèṣì fi í ṣe ààlà oko, wọn ò sì ṣèèṣì gbìn ín sí ojúbọ. Ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, tí wọ́n wá mú dúró níwájú irú igi méjèèjì yìí, ọ̀kan tó ń sinmi kó má baà kú, èkejì tí wọ́n gé tó tún dìde, ṣé ó tún nílò ògbufọ̀ ni?

Igi nìkan kọ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó jẹ́ iṣẹ́ obìnrin wa náà sọ ọ́ di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ẹ̀yin aláró mọ̀ ọ́n: ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń fi kọ ọnà sára aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní mú un. Obìnrin tó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Vienna jókòó ti ẹ̀kọ láfún, ó fi ya àwọn aṣọ ńláńlá tó gbé orúkọ rẹ̀ dé òkè òkun. Aró kì í sì í gbọ́ kánjúkánjú. Èlú àti omi eérú gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó jinná síra wọn, tí òjò bá sì ń rọ̀ lójoojúmọ́, aṣọ ò ní gbẹ bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ ra áńkárá.

Ọ̀rọ̀ aró yìí ló gbé wa dé Òṣogbo gan-an. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ọ̀dá omi ló lé Láròóyè àtàwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Ìpólé, tí Tìmẹ́hìn tó jẹ́ ọdẹ fi wá rí odò Ọ̀ṣun nínú igbó. Wọ́n tẹ̀dó sétí odò, wọ́n ń gégi. Igi ńlá kan ṣubú sínú omi, ni ohùn kan bá ké láti ìsàlẹ̀ odò pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun! Ọ̀ṣun ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n bá a dá májẹ̀mú pé àwọn á kúrò létí omi, àwọn á lọ kọ́lé sókè, kí òun náà máa ṣọ́ wọn. Igbó yẹn ló di igbó Ọ̀ṣun. Ẹni tí kò bá gba òrìṣà gbọ́, kó ṣáà di ìtàn yìí mú fún ìlò ọjọ́ iwájú: ẹni tó bá gégi etí odò, ìkòkò ẹnìkan ló ń fọ́ nísàlẹ̀.

Nígbà tí Àdùnní máa fi dé Òṣogbo ní ìparí àwọn ọdún 1950, májẹ̀mú náà ti ń já. Wọ́n ń gégi nínú igbó, wọ́n ń dẹ̀gbẹ́, wọ́n ń pẹja tí àwọn bàbá wọn ò jẹ́ pa. Ikán àti òjò ti bá àwọn ojúbọ jà, ọ̀pọ̀ abọrẹ̀ sì ti kó ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀. Obìnrin yìí ò kọ́ ilé alárà tuntun síbẹ̀ o. Títún ojúbọ ṣe ló bẹ̀rẹ̀, ó sì ń bá ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan igi jà.

Ẹ̀yin bíríkìlà àti káfíńtà, ẹ súnmọ́ ibí, torí ibi tọ̀rọ̀ ti kàn yín rèé. Ta ni ẹ rò pé ó bá a ṣiṣẹ́? Ṣé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti Vienna ni? Rárá o. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni. Bùráímọ̀ Gbádàmọ́sí, káfíńtà ni kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ òkúta. Kàsálì Àkàngbé, agbẹ́gilére ni. Sìmẹ́ǹtì, amọ̀ àti irin tí ẹ̀yin náà ń lò lójoojúmọ́, òun ni wọ́n fi mọ àwọn ère tó ga ju ilé lọ, tí wọ́n lọ́ bíi gbòǹgbò, tí ẹ ò ní mọ ibi tí ère parí sí àti ibi tí igi ti bẹ̀rẹ̀. Ère Ìyá Mòòpó wà níbẹ̀, ìyá gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, àti aró àti ìkòkò. Àdùnní kì í ní kí wọ́n da tòun kọ. Iṣẹ́ Àkànjí kò jọ ti Àdùnní, ti Kàsálì kò jọ ti Bùráímọ̀. Ọ̀gá mélòó ló ń gba ọmọ iṣẹ́ láyè bẹ́ẹ̀ lónìí? Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o.

Ìgbà òjò ni ọ̀gá gbogbo wọn níbẹ̀. Tí òjò bá ti dé, nǹkan tútù tó ń yọ̀ á hù sára ère, gbòǹgbò á wá ibi tó ti sán wọlé, irin inú rẹ̀ á dípẹtà. Ẹni tó bá mọ ère sínú igbó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun á padà wá tún un ṣe, á sì tún un ṣe títí, òun tàbí ọmọ rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tó mọ èyí tún lè fi ọdún gbọọrọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń gbá ọjà láràárọ̀, tó mọ̀ pé á tún dọ̀tí kó tó dalẹ́, ìyẹn ò ní yà á lẹ́nu.

Iṣẹ́ náà ò já sófo. Lọ́dún 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé hẹ́kítà 75 lọ́dún 1992, nígbà tó sì di 2005, UNESCO fi í sínú àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Oríṣi ewé àti igi tó wà níbẹ̀ lé ní 400, èyí tó wúlò fún oògùn nínú wọn sì lé ní 200. Ẹ̀yin elewé ọmọ, ẹ ò rí ilé ìṣúra! Ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní ọdún 2009 ni Àdùnní kú sí Òṣogbo, lẹ́ni ọdún 93, nígbà ọyẹ́ tí àràbà ń wọ́wé. Ẹni tí ikọ́ fée fẹ́ pa ní ọ̀dọ́!

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń kùn pé ṣé a fẹ́ fà wọ́n wọ ẹ̀sìn òrìṣà ni. Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ẹ tún orúkọ àwọn tó mọ ère yẹn kà: Bùráímọ̀, Kàsálì. Orúkọ ilé mùsùlùmí ni. Ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tó ń kírun, òjò kan náà ló ń pa wọ́n, odò kan náà ni wọ́n sì ń pọn.

Odò náà gan-an lọ̀rọ̀ kù sí. Láyé àtijọ́, odò Ọ̀ṣun ń sọ ìgbà fún ará Òṣogbo. Tí òjò bá pọ̀, á kún, á pọ́n bí ẹrẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á fà, á mọ́. Ọmọdé tó bá wo omi ti mọ oṣù tá a wà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí ọ̀pọ̀ wọn ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ń gbẹ́ etí omi, wọ́n ń fọ ẹrẹ̀ rẹ̀ sínú odò. Omi wá pọ́n, kò mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Bẹ́ẹ̀, nígbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ, lẹ́yìn tí Arugbá bá ti gbé igbá dé odò, omi yẹn ni àwọn ìyá wa ń bu sínú kẹ́ẹ̀gì gbé relé fún ọmọ àti fún àgàn. Ìyá tó ti ń bu omi yìí láti kékeré, ta ló máa ní kó má bu ú mọ́, kí sì ni wọ́n máa fún un dípò rẹ̀?

A ń bínú sáwọn awakùsà, ó sì yẹ ká bínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ra ẹ̀gbà ọrùn góòlù fún ìgbéyàwó ọmọ, àti ẹ̀yin tí ẹ ń rọ ọ́, ẹ ti bi ẹni tó tà á fún yín rí pé etí odò wo ló ti hú u?

Ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹ kọ̀wé, bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n kọ, ẹ ní kí ọmọ bá yín kọ ọ́. Ẹ sọ igi, ẹyẹ, odò tàbí ìgbà tó kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ò rí kọ́ lọ́dọ̀ èèyàn. Ẹ̀yin ará etí odò Ọ̀ṣun láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá títí dé Ẹdẹ, ẹ sọ àwọ̀ tí omi yín ń ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tiyín ni a óò kọ́kọ́ tẹ̀.