Píkọ́ọ̀pù Nínú Òjò Dídì: Ohun Tó Yẹ Kí Á Ṣe Kí Òtútù Tó Dé

Ọ̀pọ̀ nínú wa níhìn-ín ní Buffalo ló ń wa píkọ́ọ̀pù. Òun ni a fi ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, òun náà ni a fi ń kó ìlù, àga àti kúlà oúnjẹ bí a bá ní ìpàdé. Ọkọ̀ tó lágbára ni. Ṣùgbọ́n agbára yìí gan-an ló ń tan ènìyàn jẹ nígbà òtútù, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń pèsè rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gba láísẹ́ǹsì má ṣe ṣí ojú-ewé yìí kọjá. Iṣẹ́ tiyín wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn tàbí Cotonou lè rò pé òjò dídì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sínóò, kàn ń rọ̀ bí òjò ilé ti ń rọ̀ ni. Tiwa níhìn-ín yàtọ̀. Adágún Erie wà ní ìwọ̀ oòrùn wa. Ní oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejìlá, omi adágún náà ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń fẹ́ kọjá lórí rẹ̀ ti tutù nini. Atẹ́gùn yìí á fa ọ̀rinrin láti inú omi, bó bá dé orí ilẹ̀ á sọ ọ́ kalẹ̀ ní sínóò. Nítorí náà àdúgbò kan lè gbẹ, kí sínóò sì ti bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní àdúgbò kejì tí kò jìnnà sí i. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, àwọn àdúgbò kan ní apá gúúsù gba èyí tó ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má ṣe wo ojú ọ̀run ẹnu ọ̀nà yín nìkan kí ẹ tó gbéra.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ṣe píkọ́ọ̀pù. Ẹ́ńjìnnì wà níwájú, àwọn èrò jókòó síwájú, ẹ̀yìn ṣófo. Bẹ́ẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn lọ. Táyà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀ kò lè tẹ ilẹ̀ dáadáa. Lórí yìnyín á kàn máa yí lójú kan, tàbí kí ẹ̀yìn ọkọ̀ máa yọ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ gba iwájú lọ. Àtúnṣe rẹ̀ ni ẹrù. Ẹ ra àwọn àpò yanrìn gígùn tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ máa ń wọn nǹkan bíi pọ́n-ùn 60. Mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fún ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù. Kí ẹ tẹ́ wọn sí orí táyà ẹ̀yìn gan-an, kì í ṣe sí ìdí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn táyà, ńṣe ni yóò máa gbé iwájú ọkọ̀ sókè, bí ẹni tó jókòó sí ìpẹ̀kun pákó ṣe ń gbé ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kejì, sítíárì ò sì ní gbọ́ràn mọ́. Kí ẹ fi okùn dè wọ́n pẹ̀lú. Àpò tí a kò dè á yọ̀ wá síwájú bí ọkọ̀ bá dúró lójijì.

Mo ti rí ẹni tó kó ìlù bàtá àti àga sẹ́yìn, tó ní òun ti di ẹrù. Ìlù kì í ṣe ẹrù ìtẹ̀mọ́lẹ̀ o! Ẹlòmíràn a sì fi sínóò tó rọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ sílẹ̀ pé òun náà ní ìwúwo. Bó bá di yìnyín, kò sí okùn tó lè dè é. Yanrìn ló dára. Bí táyà bá rì, ẹ lè já àpò kan kí ẹ da díẹ̀ síwájú rẹ̀, ọkọ̀ á rí ilẹ̀ tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fọ́-wíìlì ló kàn, níbi tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń fa ọkọ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo ra tèmi, mo fi ẹnu ara mi sọ pé òtútù kò lè rí mi gbé ṣe. Táyà tó bá ọkọ̀ wá ni mo fi ń rìn. Mo kúrò níbi iná pupa ṣáájú gbogbo ènìyàn, àwọn ọkọ̀ kéékèèké ń yí lójú kan, èmi ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ibi iná tó tẹ̀lé e, mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ kò dúró. Ó rọra ń yọ̀ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó gba àárín oríta kọjá, ọmọ mi obìnrin jókòó tì mí. Orí ló yọ wá, kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ náà ní, “Dádì, ṣé ẹ ò rí iná yẹn ni?” Mo rí i kẹ̀.

Fọ́-wíìlì ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti lọ ni. Kò ràn án lọ́wọ́ láti dúró, torí gbogbo ọkọ̀ ló ti ní bíréèkì ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó wúwo tún le láti dá dúró ju èyí tó fúyẹ́ lọ. Nígbà tí ọ̀nà bá sì ti gbẹ, ẹ pa á nínú èyí tí a ń fi ọwọ́ tàn, torí bí ọkọ̀ bá ń yà, táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í rin ìrìn kan náà. Àwọn irin inú rẹ̀ á máa ja ara wọn níyà.

Táyà ló ń mú ilẹ̀. Rọ́bà táyà tí a ń lò nígbà ooru máa ń le bí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ dígírì 45 (èyí jẹ́ dígírì 7 fún àwọn ará Kánádà), kò sì ní lè di ilẹ̀ mú. Rọ́bà táyà òtútù máa ń rọ̀ síbẹ̀. Àmì rẹ̀ tí ẹ ó wá ní ẹ̀gbẹ́ táyà ni àwòrán òkè olórí mẹ́ta, tí èérún sínóò kan wà láàárín rẹ̀. Lẹ́tà M àti S nìkan kò tó. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ rà, ẹ má ṣe ra méjì. Ọmọdé lè yẹ ojú táyà wò: ẹ mú kọ́ìnì 25 sẹ́ǹtì, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò sínú ilà táyà. Bí ẹ bá ń rí òkè orí George Washington, ilà náà kò tó 4/32 ínṣì mọ́, táyà náà kò sì yẹ fún sínóò. Kí ẹ wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ náà, torí bí òtútù bá fi dígírì 10 lọ sílẹ̀, nǹkan bíi psi 1 ló ń dín kù. Iye tó yẹ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ọkọ̀ wíwà nílé, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Nílé, bí rédíétọ̀ bá gbẹ, omi ẹ̀rọ la máa ń bù sí i. Ẹ má dán an wò níhìn-ín! Omi tó bá dì máa ń wú, ó sì lè la ẹ́ńjìnnì sí méjì. Kúláǹtì àti omi ní ìdajì-ìdajì kì í dì títí di nǹkan bíi dígírì 34 sísàlẹ̀ òdo. Omi wáípà náà, ẹ ra ti òtútù. Bátìrì máa ń pàdánù nǹkan bí ìdámẹ́ta agbára rẹ̀ bí omi bá ti ń dì, nígbà kan náà tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń ki. Bí tiyín bá ti pé ọdún mẹ́rin, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí tọmọdé tàgbà mọ̀ jù ni ti páìpù tí èéfín ń gbà jáde, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sàlẹ́ńsà. Bí sínóò bá dí i, èéfín á padà wọ inú ọkọ̀. Gáàsì kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó ń fi oorun pa ènìyàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, ní ìlú Passaic ní New Jersey, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jókòó sínú ọkọ̀ tí iná rẹ̀ ń jó kí ara wọn lè móoru, bàbá sì ń kó sínóò kúrò níta. Sínóò ti dí páìpù náà. Àwọn méjèèjì kú. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ìdí páìpù kí ẹ tó tan ọkọ̀, kí ọmọ má sì wọlé títí a ó fi gbẹ́ ẹ tán. Ẹ̀yin ọmọ, bí Mọ́mì tàbí Dádì bá ní kí ẹ wọlé lọ yá iná, ẹ bi wọ́n pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ti gbẹ́ ìdí sàlẹ́ńsà?” Kì í ṣe àfojúdi.

Bí sínóò bá sé yín mọ́ ojú ọ̀nà, ẹ má ṣe kúrò nínú ọkọ̀ nígbà tí ẹ kò bá rí iwájú. Nínú ìjì oṣù Kejìlá ọdún 2022 tó pa ju ogójì ènìyàn lọ lágbègbè wa yìí, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti bá òkú àwọn kan, ìta sì ni wọ́n ti bá ti àwọn mìíràn. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún bí ìṣẹ́jú 10 láàárín wákàtí kan, kí ẹ ṣí wíńdò díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn kò ti fẹ́, kí ẹ sì gbẹ́ ìdí páìpù kí ẹ tó tún un tàn. Ìyẹn ni a ṣe ń sọ pé kí epo má lọ sísàlẹ̀ ìdajì táǹkì. Ṣọ́bìrì, kúbùsù, tọ́ọ̀ṣì, ìbọ̀wọ́, omi àti nǹkan jíjẹ díẹ̀, ẹ kó wọn sọ́dọ̀ ara yín níwájú, torí yìnyín lè dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa.

Láàárọ̀, àwọn ọmọ ni kí ó gbá sínóò kúrò lórí iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí àgbà gbá ti orí ọkọ̀. Ẹ má da omi gbígbóná sí gíláàsì, á sán. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà ń jẹ irin; àwa tí a mọ ẹni tó ni irin, ó yẹ kí ó dùn wá. Ní ọjọ́ tí òtútù bá dẹwọ́ díẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ lọ fọ abẹ́ rẹ̀, pàápàá ibi tí wáyà bíréèkì gbà kọjá.