Èjìká tó ń dunni: ẹ má ṣe so apá rọ̀

Láti Kétu dé Àjàṣẹ́, èjìká ni ẹni tó ń gún iyán àti ẹni tó ń kọ ebè fi ń jẹun. Iṣan 4 ló yí oríkèé èjìká ká. Àwọn ló so ẹran ara mọ́ egungun apá. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún wọn, tàbí bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, iṣan wọ̀nyí a máa dunni. A ó mọ̀ ọ́n nígbà tí a bá gbé ọwọ́ sókè, tàbí tí a bá fi ẹ̀gbẹ́ náà sùn lóru.

Àwọn kan a fi aṣọ so apá rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kò dára bẹ́ẹ̀: èjìká tí kò ṣiṣẹ́ lè gan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára fà á.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ dín iṣẹ́ tó le kù fún ìgbà díẹ̀. Lójoojúmọ́, ẹ kọjú sí ògiri, kí ẹ fi ìka rìn lára rẹ̀ lọ sókè, ní ìgbà 10. Bí ó bá ń rọrùn, ẹ mú ìgò omi kékeré dání, kí ẹ máa gbé e díẹ̀díẹ̀. Ìrora díẹ̀ kò burú. Bí ó bá pọ̀ sí i di ọjọ́ kejì, ẹ dín in kù. Ó lè gba oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ bá ṣubú tí apá kò sì gbé sókè mọ́, bí èjìká bá wú tí ara sì gbóná, tàbí bí àyà bá ń dunni pẹ̀lú rẹ̀: ó lè jẹ́ àrùn ọkàn.