Ebè Kẹwàá

Ẹni tó bá ti kọ ebè rí mọ̀ pé ebè àkọ́kọ́ kì í ṣe ìṣòro. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àgbẹ̀ kan kọ ebè mẹ́wàá sórí ìlà kan, tó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọn àyè tó wà láti ebè kan sí èkejì, títí ìlà fi parí. Ilẹ̀ wá ṣú. Ọmọ rẹ̀ ní òun fẹ́ gbin ebu iṣu sórí ebè wọ̀nyí nínú òkùnkùn biribiri, láìtan iná, láìfọwọ́ wá ilẹ̀. Nǹkan méjì péré ló ní lọ́wọ́: ó mọ ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ebè àkọ́kọ́, bàbá rẹ̀ sì ti sọ iye ẹsẹ̀ tó wà láàárín ebè fún un. Ó ń wọn, ó ń gbin. Bí ìwọ̀n tirẹ̀ bá fi díẹ̀ gùn ju ti bàbá lọ, ebè kejì yóò gba ebu lórí, ẹ̀kẹta yóò gbà á, ẹ̀karùn-ún yóò gbà á sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá fi máa dé ẹ̀kẹwàá, inú poro ló ń gbin iṣu sí.

Báyìí gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ méjì tí wọ́n so pọ̀ lórí serial port ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó so Arduino mọ́ módẹ́ẹ̀mù GSM fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ti bá a pàdé. Ẹni tó so GPS mọ́ Raspberry Pi náà ti bá a pàdé. Wáyà kan ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, òmíràn ń gbé e bọ̀, ẹ̀kẹta so ilẹ̀ àwọn méjèèjì pọ̀. Kò sí wáyà kankan tó ń sọ fún ẹni tó ń gbọ́ pé àkókò tó báyìí, wò ó. Kálukú ló ní aago tirẹ̀, àdéhùn nìkan ló wà láàárín wọn.

Àdéhùn náà ni baud rate, ìyẹn iye bíìtì tó ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Orúkọ Émile Baudot, onímọ̀ ẹ̀rọ tẹlígíráàfù ayé àtijọ́ tí wọ́n fi ń tẹ wáyà ránṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n fi sọ ọ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo, lọ́nà tó wọ́pọ̀ jù, máa ń gba bíìtì mẹ́wàá: ọ̀kan fún ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́jọ fún lẹ́tà náà gan-an, ọ̀kan fún ìparí. Nígbà tí kò sí ọ̀rọ̀, iná orí wáyà máa ń wà lókè. Ó já wálẹ̀ lójijì: ìlà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ yóò ka ààbọ̀ bíìtì kó lè dé àárín bíìtì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà yóò máa ka bíìtì kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa yọjú wo àárín rẹ̀ bóyá iná wà lókè tàbí nísàlẹ̀. Bí lẹ́tà mìíràn bá dé, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà tuntun, àṣìṣe ti àtẹ̀yìnwá yóò sì parẹ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé àárín ebè kẹwàá jẹ́ ebè mẹ́sàn-án àti ààbọ̀. Ààbọ̀ ebè péré sì ni àyè tó wà kí ẹsẹ̀ tó yọ̀ sínú poro. Fi mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ pín ààbọ̀, wàá rí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún àti díẹ̀ lórí rẹ̀. Gbogbo àṣìṣe tí àwọn ẹ̀rọ méjèèjì lè jọ ṣe nìyẹn, àti ti ẹni tó ń sọ àti ti ẹni tó ń gbọ́. Díẹ̀ tún ń lọ nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ kì í tẹjú mọ́ wáyà láìṣẹ́jú. Ìgbà 16 ló ń yọjú wò ó láàárín bíìtì kan. Ìdí nìyí tí ìwé àlàyé chip ATmega328P, èyí tó wà lórí Arduino Uno, fi dámọ̀ràn pé kí ẹ̀rọ má ṣi baud rate lẹ́tà oníbíìtì mẹ́jọ ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ibo wá ni àṣìṣe ń gbà wọlé? Bí aago bá jẹ́ ti crystal, kì í sábà jẹ́ aago ló ṣì. Àṣìṣe crystal kéré débi pé iye rẹ̀ nínú mílíọ̀nù ni wọ́n fi ń kà á. Inú pínpín ni wàhálà wà. Ẹni tó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ kò lè wọn ìdá ẹsẹ̀. Yálà ó gbé ẹsẹ̀ odindi tàbí kò gbé e. Chip náà rí bẹ́ẹ̀. Aago Uno ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 16 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, UART inú rẹ̀, apá tó ń bójú tó serial, sì ń fi nọ́ńbà odindi pín in. Nígbà tó bá ń yọjú ní ìgbà 16 nínú bíìtì kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jẹ́ microsecond kan géérégé. Bíìtì kan ní baud rate 115200 gba microsecond 8.68. Kò sí ẹsẹ̀ 8.68. Ẹsẹ̀ 8 wà, ẹsẹ̀ 9 wà.

Ta ló ń yàn láàárín méjèèjì? Driver ni, ètò kékeré tó dúró láàárín ètò tí à ń lò àti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń ṣe kàyéfì pé iṣẹ́ ńlá lè bàjẹ́ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Nínú èdè C tí wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ driver, bí o bá fi nọ́ńbà odindi pín nọ́ńbà odindi, àjẹkù yóò di ìsọnù láìsí ìkìlọ̀. 8.68 yóò di 8. Ẹ̀rọ rẹ yóò máa sọ̀rọ̀ ní 125000, yóò sì gbàgbọ́ pé 115200 lòun ń sọ. Àṣìṣe náà jẹ́ ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tó ń gbìn kò ní dé ebè kẹwàá kó tó ṣìnà, láti orí ìkeje ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọjá ibi tó yẹ. Lójú ìwọ tó ń wo kọ̀ǹpútà, ohun tí wàá rí ni àwọn àmì tí kò lórí tí kò nídìí, wàá sì rò pé wáyà ló gé tàbí módẹ́ẹ̀mù ló bàjẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ. Kí driver tó pín, kó kọ́kọ́ fi ìdajì olùpín kún iye tó fẹ́ pín. Àjẹkù tó bá ti kọjá ààbọ̀ yóò di odindi. Linux ní ohun èlò kan fún un tó ń jẹ́ DIV_ROUND_CLOSEST, òun ni wọ́n sì ń lò níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò yìí fún àwọn serial port. 8.68 di 9, ìyára di 111111, àṣìṣe sì já sí ìdá 3.5. Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ́ni lọ́rùn. (Ẹni tó bá ń kọ driver fún ìyára tó sún mọ́ òpin agbára aago rẹ̀ gbọ́dọ̀ tún ṣọ́ra síi. Bí iye tó ń wá bá jẹ́ 1.45, ìyípo sí odindi tó sún mọ́ ọn jù yóò fún un ní 1, yóò sì fi ìdá 45 yára jù. 2 ì bá fi ìdá 27 àti ààbọ̀ péré falẹ̀. Ó sàn kó ṣírò ìyára méjèèjì, kó fi wọ́n wéra. Àmọ́ kò sí èyí tó dára nínú wọn, kí driver kọ̀ ọ́ ló bọ́gbọ́n mu.)

Ohun tó kù ni pé kí ẹsẹ̀ kéré sí i. Jẹ́ kí ọmọdé wọn ilẹ̀ náà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti bàbá. ATmega ní irú ètò bẹ́ẹ̀, U2X lorúkọ rẹ̀: ẹsẹ̀ di ààbọ̀ microsecond, 17 nínú rẹ̀ jẹ́ 8.5, àṣìṣe sì di ìdá 2.1. Ètò Arduino ń lò ó láìjẹ́ pé o béèrè. Kì í ṣe ọ̀fẹ́, ìgbà mẹ́jọ ni ẹ̀rọ ń yọjú wo bíìtì kan báyìí dípò 16, nítorí náà àyè àṣìṣe tirẹ̀ náà dín kù. Àwọn mìíràn lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. PL011, UART tí ilé iṣẹ́ ARM ṣètò tó sì wà nínú Raspberry Pi, lè lo ìdá 64 odindi kan. Bí aago rẹ̀ bá jẹ́ 48 MHz, 115200 fẹ́ 26.0417, 26 àti ìdá mẹ́ta nínú 64 ni yóò mú, ìyára rẹ̀ yóò sì jẹ́ 115177. Iyẹn kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún.

Àwọn àgbà tó ṣe kọ̀ǹpútà IBM PC ní 1981 gba ọ̀nà tó rọrùn jùlọ: wọ́n yan aago tó bá ebè mu. Crystal 1.8432 MHz ni wọ́n fi sórí káàdì serial rẹ̀. Fi 16 pín in, 115200 ló kù láìsí àjẹkù; fi 12 pín ìyẹn, 9600. Nọ́ńbà 1.8432 tó dà bíi pé àlá ni wọ́n ti rí i yẹn ní ìtumọ̀. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ kí serial rẹ̀ pé lórí ATmega lè fi crystal 14.7456 MHz, ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀, rọ́pò 16.

Ohun tí mo rí pé ọ̀pọ̀ ìwé àlàyé ń fò ni èyí: ṣíṣe déédéé kò tó, ìrẹ́pọ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Uno méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní 115200 ń ṣìnà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń ṣì. Ebè kò kúrò níbi tí ẹni tó ń gbìn ti ń retí rẹ̀. Wo ọ̀rọ̀ 57600 nínú ètò Arduino. U2X ì bá fún un ní 57143, àṣìṣe tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, àwọn tó kọ ọ́ ya ìyára kan ṣoṣo yìí sọ́tọ̀, wọ́n ní kí ó lo ètò àtijọ́, tó ń fún un ní 58824, tó fi ìdá 2.1 yára jù. Ìwà wèrè kọ́. Bootloader (ètò tó ń gba ètò tuntun sínú chip) tó wà nínú Duemilanove, Arduino tó ṣáájú Uno, àtàwọn tó ṣáájú rẹ̀, àti ètò inú chip tó ń so Uno mọ́ USB, ti ń lo ìwọ̀n tó ṣì yẹn. Bí ẹnìkan bá tún apá kan ṣe láìtún èkejì ṣe, àlàfo ìdá 2.9 ni yóò là sáàárín àwọn méjì tó ti ń gbọ́ra wọn yé tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú driver sunwọ̀n gbọ́dọ̀ béèrè ta ló wà ní ìparí wáyà kejì.

Ìdí kan náà ni mo fi gbà pé driver kò gbọdọ̀ parọ́. Bí wọ́n bá ní kí ó lo ìyára kan, tó sì jẹ́ òmíràn ló rí, kí ó sọ èyí tó rí. Linux fi ìyẹn sínú òfin rẹ̀, tty_termios_encode_baud_rate ni driver fi ń jíṣẹ́ náà, ó sì fi àyè sílẹ̀ díẹ̀: bí ìyàtọ̀ kò bá kọjá ìdá 2, ó lè dá ìyára gbajúmọ̀ tí wọ́n béèrè padà, kí ètò àtijọ́ má bàa dàrú.

Àwọn àṣìṣe kan wà tí ìṣirò kò lè wò sàn. ATmega328P tí kò lo crystal, tó gbára lé aago inú ara rẹ̀, lè fi ìdá 10 ṣì bó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́, ooru àti agbára iná sì ń yí i padà. Mini UART inú Raspberry Pi so aago rẹ̀ mọ́ ti àárín chip náà, bí ìyẹn bá sáré síi nítorí iṣẹ́, baud rate yóò sáré tẹ̀ lé e. Má fàkókò ṣòfò lórí ìyípo níbẹ̀. Wá crystal, tàbí kí o dá aago náà dúró sójú kan.

Bí o bá sì fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ rẹ ń sọ ní tòótọ́, má béèrè lọ́wọ́ driver nìkan. Jẹ́ kó máa fi lẹ́tà U ńlá ránṣẹ́ léraléra láìdánu dúró. Bíìtì U ń lọ sókè sódò ní ìtẹ̀léra, títí kan ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, nítorí náà ohun tí oscilloscope tàbí logic analyser yóò rí lórí wáyà jẹ́ ìdajì baud rate. Ní 115200, 57.6 kHz ló yẹ kó jẹ́. Lórí Uno, retí 58.8.