Ta Ni Ó Ń Sẹ́ Ìròyìn Inú Fóònù Yín?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ̀ pé a kì í po ẹ̀kọ ọmọ láì kọ́kọ́ sẹ́ ògì, kí èérí má baà há ọmọ lọ́fun. Ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ní asẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ọwọ́ tí ó dì í mú.

Ní 2002 ni Google gbé ojú ewé ìròyìn rẹ̀ jáde, tí kọ̀ǹpútà ń ṣa ìròyìn jọ síbẹ̀. Ní 2006 ni News Feed ti Facebook dé. Irú ẹ̀rọ báyìí a máa ṣọ́ ohun tí ẹ tẹ̀ àti ibi tí ẹ pẹ́ sí. Irú rẹ̀ ni yóò sì tún gbé wá. Bí ìyàwó bá ń ka ọ̀rọ̀ oúnjẹ, tí ọkọ sì ń ka ti bọ́ọ̀lù, ìròyìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò máa rí, bí wọ́n tilẹ̀ jókòó lórí ẹní kan náà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ràn àhesọ, àhesọ ni yóò máa bá pàdé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní 2014, nígbà tí Ebola wọ Nàìjíríà, àhesọ kan tàn kálẹ̀ pé omi iyọ̀ ni ààbò. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní oṣù Ògọ́sítì ọdún náà pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ni ó kú nítorí pé wọ́n mu ún.

Nítorí náà, ẹ fi ọwọ́ ara yín di asẹ́ mú. Ẹ kọ ohun tí ó kan ilé yín sílẹ̀: ìlera ọmọ, ilé-ìwé, owó oúnjẹ lọ́jà, ètò Háájì. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú Google Alerts, yóò sì máa fi ìròyìn tuntun nípa rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Ẹ yan ilé iṣẹ́ ìròyìn méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ó máa fi wé ara wọn. BBC Yorùbá, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, lè jẹ́ ọ̀kan. Bí àhesọ bá yọjú, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìrun Iṣáì, kí tọkọtaya máa sọ ohun tí olúkúlùkù kà fún ara wọn, kí asẹ́ ẹnì kan má baà di ojú ẹnì kejì.

Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ fún wa nínú Súrà Al-Hujurat, áyà 6, pé kí a máa wádìí ìròyìn kí a tó gbà á. Àṣẹ náà kò yọ fóònù sílẹ̀. Kí Ọlọ́hun fi òtítọ́ hàn wá. Àmín.