Phono preamp àfọwọ́ṣe

Phono preamp jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí ó máa ń wà láàárín gìràmófóònù àti ampilifáyà. Ó ń gbé ohùn tín-ín-rín tí abẹ́rẹ́ mú jáde láti inú àwo orin sókè, ó sì ń dá ìró ìsàlẹ̀ àti ìró òkè padà sí ipò tí wọ́n wà kí a tó gé àwo náà.

Ní 1954 ni RIAA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ní Amẹ́ríkà, fi òdiwọ̀n kan lélẹ̀. Nígbà tí a bá ń gé àwo, a ń dín ìró ìsàlẹ̀ kù kí ipa abẹ́rẹ́ má baà fẹ̀ jù, a sì ń fi kún ìró òkè kí ó lè borí ariwo ojú àwo. Òdìkejì èyí ni preamp ń ṣe: ní 20 Hz, ó ń fi nǹkan bí 20 dB kún ohùn, ní 20 kHz, ó ń yọ bí iye kan náà kúrò. Bí a bá gbọ́ àwo àpàlà láìsí i, ohùn agídìgbo yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni yóò kù tí yóò máa ta síni létí.

Àwọn àwo kan ti wà ṣáájú òdiwọ̀n yìí. Orin tí Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ fún Zonophone ní London ní 1922 jẹ́ àpẹẹrẹ: ìwo ni a fi ń gba ohùn nígbà náà, kì í ṣe iná mànàmáná. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àdàkọ irú àwo bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ lo RIAA fún un.

Abẹ́rẹ́ onímágínẹ́ẹ̀tì sábà máa ń mú 3 sí 5 mV wá, nígbà tí ampilifáyà ń fẹ́ nǹkan bí 300 mV. Nítorí náà, preamp ní láti sọ ohùn di ìlọ́po 100 ní 1 kHz. Ẹyọ NE5532 kan tó fún apá ọ̀tún àti apá òsì. Resistor 47 kΩ ni a ń fi sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn resistor àti capacitor tó kù ni a ń yàn kí wọ́n lè bá iye mẹ́ta tí RIAA yàn mu: 3180, 318 àti 75 µs. Ó dára kí a fi mítà wọn capacitor kọ̀ọ̀kan kí a tó fi òjé jó o mọ́ ibi tí yóò wà, nítorí bí ti ọ̀tún bá yàtọ̀ sí ti òsì, orin yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìṣòro tó ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nídìí iṣẹ́ yìí ni ìró tó ń kùn bí oyin. Iná ìjọba ní Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz, ibẹ̀ gan-an sì ni RIAA ti ń fi nǹkan bí 17 dB kún ohùn, ìyẹn ìlọ́po méje ju ti 1 kHz lọ. Ní Itele àti àwọn àdúgbò mìíràn ní agbègbè ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà àti Sango, tí mọ́tọ̀ ńláńlá àti jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, bátìrì 9 V méjì ni ó yẹ kí a lò. A óò so wọ́n pọ̀, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé yóò sì jẹ́ ilẹ̀ fún ẹ̀rọ náà. Èyí tún ń gba oníṣẹ́ lọ́wọ́ ewu 230 V. Agolo bisikíìtì onírin dára fún ilé rẹ̀, bí a bá so agolo náà àti wáyà ilẹ̀ gìràmófóònù mọ́ ojú kan ṣoṣo.

Ọ̀pọ̀ gìràmófóònù àtijọ́ tó wà ní yàrá àlejò àwọn àgbà kò nílò preamp rárá. Abẹ́rẹ́ seramiki ni ó wà lára wọn, ó sì lè mú ọgọ́rọ̀ọ̀rún mV wá fúnra rẹ̀; bí a bá so ó mọ́ preamp, ohùn yóò fọ́.